Ojú Òpó Tó Purọ́ fún Bàbá

                                                Ojúlé Kejìlá,
                                                Àdúgbò Ìfẹ́sọwápọ̀,
                                                Agric, Ìkòròdú,
                                                Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Rọ̀kíbátù, ọ̀rẹ́ mi tó di ẹbí,

Báwo ni gbogbo yín ní Ìlọrin? Bàbá Mardiyah ńkọ́, ṣé ibà tó dá wọn dùbúlẹ̀ ṣáájú ọdún ti jẹ́ kí wọ́n padà síbi iṣẹ́? Mardiyah fúnra rẹ̀ ńkọ́, àti àbúrò rẹ̀ Aisha? Mo gbọ́ pé Aisha ti ń bá olùkọ́ rẹ̀ jiyàn báyìí, mo sì mọ ẹni tó fi jọ. Ẹ kú ìyèdún Iléyá o. Ẹran gbígbẹ tí o fi rán awakọ̀ sí mi dé, mo sì ti jẹ ẹ́ tán kí àwọn tí a jọ háyà ilé tó mọ̀ pé nǹkan kan wọlé. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ara tèmi le. Inú mi ni kò dára, torí ìbínú ló kún ibẹ̀ dẹ́nu.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Bàbá wa wà láàyè, wọ́n wà nílé ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kírun, ikọ́ díẹ̀ ló kù lára wọn. Mo mọ̀ pé Bọ̀dá Abdulhakeem ti pè ọ́. Wọ́n á ti sọ fún ọ pé Bàbá ti ń ṣarán, pé wọ́n rí ìjì lójúkojú tí wọ́n sì gbé ọkọ̀ ìpẹja wọn wọ inú rẹ̀, pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ọkùnrin kan máa wá láti Àgbọ̀wà wá ra ọkọ̀ náà lọ, kí Bàbá lè jókòó jẹ́ẹ́ sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò purọ́, ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sọ. Àmọ́ nǹkan kan wà tí wọn ò mọ̀, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Mo lè fi fóònù pè ọ́, ṣùgbọ́n ẹkún ni màá sun, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí nínú, n kò sì fẹ́ ìtùnú. Mo fẹ́ kí o ka lẹ́tà yìí dópin, kí o sì kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ kí Sátidé tó dé.

O rántí ọ̀gá mi Oyèdèjì, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé alájà nítòsí ibùdókọ̀ Agric. Òun ló máa ń wọ kóòtù nínú ooru, tó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ohun tí òun ò lè ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kóòdù kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró sẹ́yìn àga mi, kó máa fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò gbá àtẹ́lẹwọ́, kó máa ní kí n ṣe kíá. Má bínú pé mo ń pe ẹni tó jù mí lọ ní 'ó'. Ọ̀wọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi fún un tán lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá.

Bàbá ló mú iṣẹ́ náà wá fún wa. Àwọn ni wọ́n dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn apẹja, tí wọ́n ní ọmọ àwọn kan wà ní Ìkòròdú tó lè ṣe ojú òpó tí yóò máa sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa rí lórí ọ̀sà. Ọmọ àwọn, ìyẹn èmi tí wọn ò bí. A pe ojú òpó náà ní Ojú Omi. Kò le rárá láti lò: bí o bá ṣí i, tí o rí àwọ̀ ewé, ọ̀sà dákẹ́, máa lọ. Bí o bá rí ìyeyè, ṣọ́ra. Bí o bá rí pupa, so ọkọ̀ rẹ mọ́lẹ̀. Àwa ò lè wọn afẹ́fẹ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń wọ̀n ọ́n ni a ti fẹ́ máa gba ìròyìn. Wọ́n gbé e sójú òpó tiwọn lófẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè lọ kà á níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé bí o bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, o gbọ́dọ̀ kágò. Bí wọ́n bá dá ọ lóhùn pé àgò yà, wàá wọlé. Bí wọn ò bá dáhùn, ọmọ tí a kọ́ á yí padà. Bí bíráósà, ohun tí o fi ń ṣí ojú òpó lórí fóònù rẹ, ṣe ń hùwà nìyẹn. Tí ojú òpó wa bá fẹ́ mú nǹkan lọ́dọ̀ ojú òpó ẹlòmíràn, bíráósà á wò ó bóyá onílé yẹn dárúkọ wa mọ́ àwọn tó gbà láyè. Bí kò bá dárúkọ wa, bíráósà ò ní gbé e fún wa, kódà kí nǹkan náà ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ojú òpó olè tí o bá ṣèèṣì ṣí lówùúrọ̀ lè ti ka gbogbo ìméèlì rẹ tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo ṣàlàyé èyí fún Oyèdèjì. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Ọjọ́ tí a lọ fi ojú òpó náà han ẹgbẹ́ ni kí o wá gbọ́. Nínú oṣù Kẹrin ni. Oyèdèjì gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dání lọ sí etí omi ní Ẹ̀pẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ geere lórí rẹ̀, nítorí pé ó ti lọ fi nǹkan kan sínú bíráósà tirẹ̀ tí kò jẹ́ kó kágò níbikíbi mọ́. Kò sọ fún mi. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó wá ní kí kálukú ṣí i lórí fóònù tirẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọkùnrin ló gbé fóònù sókè. Funfun báláú ni gbogbo rẹ̀. Apẹja kan fara balẹ̀ béèrè bóyá funfun túmọ̀ sí pé kí àwọn lọ sójú omi tàbí kí àwọn má lọ. Oyèdèjì ní nẹ́tíwọ̀kì Ẹ̀pẹ́ ni kò dára. Lásìkò tó ń sọ ọ́ yẹn, ọkùnrin kan wà lẹ́yìn tó ń fi fídíò bá ọmọ rẹ̀ ní Jẹ́dà sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn dáadáa. Gbogbo wọn wo ọkùnrin náà, wọ́n wo Oyèdèjì, wọ́n sì rọra fi fóònù wọn sápò. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn ò ṣí i mọ́.

Nígbà tí a dé Ìkòròdú, mo sọ fún un pé ọ̀nà méjì tó mọ́ ló wà. Ká kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ yẹn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fi orúkọ wa kún àwọn tí wọ́n ń dá lóhùn. Tàbí ká ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tiwa tí yóò máa lọ gba ìròyìn náà wá, torí bíráósà nìkan ni òfin àgò yìí dè, kò de kọ̀ǹpútà tó bá ń bá kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣé o mọ ohun tí ọlọ́gbọ́n náà sọ? Ó ní, 'Wúrà, ká wá kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí wọn? Wọ́n á ní a ò mọṣẹ́ o. Wá short cut, jàre.' Ti kọ̀ǹpútà, ó ní ó máa pẹ́ jù. Ó wá gbé alágbàtà ọ̀fẹ́ kan tó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wá fún mi. Ta ló ni alágbàtà náà? A ò mọ̀. Ìlú wo ló wà? A ò mọ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé á bá ọ wọ ilé onílé, á gbé nǹkan jáde, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà fúnra rẹ̀, á máa dá gbogbo ẹni tó bá kọjá lóhùn pé àgò yà. Bíráósà á gbọ́ ohùn yẹn, á rò pé onílé ló fèsì.

Bí mo ṣe ń bú Oyèdèjì yìí, má rò pé mo yọ ara mi sílẹ̀. Òun ló sọ ọ́, èmi ni mo ṣe é. Ìlà kan ṣoṣo ni. Mo fi àdírẹ́ẹ̀sì alágbàtà síwájú àdírẹ́ẹ̀sì ilé-iṣẹ́ yẹn, àwọ̀ ewé sì yọ lórí gbogbo fóònù, mo tún rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kóòdù pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ìgbà díẹ̀ náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń sọ pé màá tún un ṣe, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sì ni mò ń rí iṣẹ́ mìíràn tó yá mi lára jù ú lọ.

Ohun tí n kò wádìí ni pé alágbàtà yẹn máa ń pa ẹ̀dà mọ́. Bí èrò bá ti pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní dé ilé onílé mọ́, ẹ̀dà àná tàbí ti ìjẹta ló máa bù fún ọ bí ẹni bu ọbẹ̀ kíkan fún àlejò. Síbẹ̀, à bá ti mọ̀. Ìròyìn afẹ́fẹ́ náà ní ọjọ́ àti aago tirẹ̀ nínú, mo sì ti kọ́kọ́ gbé e sábẹ́ àwọ̀. Oyèdèjì ní ó ń ba ẹwà ojú ìwé jẹ́. Ó ní kí n yọ ọ́, kí n jẹ́ kí fóònù máa kọ ọjọ́ òní síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo yọ ọ́. Mo ṣe bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ní kó da omi nù, tí kò bojú wo ohun tó wà nínú omi.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, sánmà ti ṣú láti ìyálẹ̀ta lápá òkun. Àwọn apẹja yòókù so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Àwọ̀n Bàbá ti wà nínú omi láti ọjọ́ kejì ọdún tí wọ́n ti dẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gbé wọn lọ, torí wọ́n ti fi àwọ̀n sílẹ̀ nínú omi rí fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìjì. Àwọn àti Tàjùdéèn, ọkùnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, wọ inú àtíbàbà tí wọ́n ń kó ẹ́ńjìnnì sí, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n jáde, Bàbá ní kí ó tú okùn. Wọn ò tíì lo wákàtí kan lójú omi tí ìjì fi dé. Ọkọ̀ dojú dé. Kẹ́ẹ̀gì epo ni àwọn méjèèjì dì mú títí ọkọ̀ àwọn tó ń wa yanrìn fi kọjá, tí wọ́n fi gbé wọn. Tàjùdéèn ṣẹ́ lápá. Wọ́n rí ọkọ̀ fà wálé, ṣùgbọ́n omi gbé àwọ̀n lọ. Nígbà tí Bọ̀dá Abdulhakeem bi Bàbá léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá ní ojú àwọn ni kò ríran dáadáa mọ́. Ohun tí gbogbo etí omi ń sọ kiri nìyẹn, pé Bàdírù ò mọ ìjì yàtọ̀ sí òjò mọ́, pé ó fẹ́ rèé pa ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí wọ́n dárúkọ títa ọkọ̀, Bàbá ní kò burú.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbọ́. Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo ṣí ojú òpó ilé-iṣẹ́ afẹ́fẹ́ yẹn fúnra rẹ̀: pupa ni láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ṣí tiwa: àwọ̀ ewé. Ìròyìn ọjọ́ Ajé ni alágbàtà ń gbé fún wa, fóònù sì ń kọ ọjọ́ òní sábẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe ní kó ṣe. Mo wá wo àkọsílẹ̀ iye èèyàn tó ṣí Ojú Omi ní Ọjọ́rú. Ẹnì kan péré ni. Ó ṣí i láti Ẹ̀pẹ́, ní aago kan ku díẹ̀ lọ́sàn-án. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù ní etí omi yẹn tó lè ṣì máa ṣí nǹkan tí mo ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá Oyèdèjì. Ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo fi gbogbo rẹ̀ hàn án, ó wò ó títí, ó gbé ohun tó wà lẹ́nu mì, ó ní, 'Ṣé ẹnì kankan ti pè wá? No? Then, dákẹ́ jẹ́ẹ́. Yọ nǹkan yẹn kúrò, kó o tún nǹkan ṣe kí wọ́n tó mọ̀.' Mo ní bàbá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó ní ó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé pé a ò ní dáhùn fún ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kéré débi pé èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ò lè kà á lórí fóònù. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin yìí kan náà gbé ọ̀rọ̀ sórí Wáásáàpù ilé-iṣẹ́ pé ó yẹ ká máa dá àwọn àgbà apẹja lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, nítorí agídí wọn ló ń fa jàǹbá lójú omi. Àwọn kan fi àtẹ́wọ́ sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé èèyàn ló kọ ọ́.

Bí mo ṣe jáde níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ni mo jókòó tí mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ afẹ́fẹ́. Ìlà mẹ́rin ni. Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ tán ní mọ́sálááṣí ẹ̀gbẹ́ wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tèmítáyọ̀ ti dá mi lóhùn. Ó ní àwọn ti fi orúkọ wa sí i, kí n gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó béèrè pé kí ló dé tí a ò ti kọ̀wé láti ọjọ́ yìí. Rọ̀kíbátù, ìlà mẹ́rin. Nítorí ìlà mẹ́rin tí Oyèdèjì ń tijú láti kọ, tí èmi sì ya ọ̀lẹ láti kọ lẹ́yìn rẹ̀, la ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bàbá rẹ ṣòfò. Àná ni mo kọ ìwé pé mo fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní mo ya abara-móore-jẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀dọ̀ Tàjùdéèn ni mo kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n ti fi páálí di apá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Kúbúrátù ò sì kí mi dáadáa, n kò sì dá a lẹ́bi. Tàjùdéèn ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àtíbàbà fún mi, lẹ́yìn tó ní Bàbá ti bẹ òun pé òun ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun bá Bàbá jiyàn, pé sánmà yìí ò dára. Bàbá náà ní kò dára lóòótọ́. Wọ́n wá fi fóònù hàn án, wọ́n ní, 'Wúrà ní ká máa lọ.'

Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ìgbà tí ìgbì kìíní ti gbá ọkọ̀, pé nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ mi, àti pé ti apá Tàjùdéèn ló ń dun àwọn, ti ọkọ̀ kọ́. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ síta. Wọ́n ní, 'Èmi ti dàgbà, ẹnu wọn gbà á pé mò ń ṣarán. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní o ò mọṣẹ́, ta ló máa tún gbé iṣẹ́ fún ẹ?' Wọ́n wá ní kí n lọ bu ẹja jẹ ní yàrá ìdáná, bí wọ́n ti máa ń sọ nígbà tí ìwọ àti èmi ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́, tí n kò lówó ọkọ̀ tó máa gbé mi dé ilé wa ní Ìkìrun lákòókò ìsinmi.

Mo jẹ ẹja náà, ṣùgbọ́n n kò ní gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn Jímọ̀, màá lọ sí etí omi, màá sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́, màá dárúkọ Oyèdèjì, màá sì dárúkọ ara mi. Ìwọ bá mi pe Bọ̀dá Abdulhakeem ṣáájú ìgbà yẹn, kí wọ́n dá ọkùnrin Àgbọ̀wà yẹn dúró. Bí ìwọ náà bá wò ó pé o ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, n kò ní bínú. Bá mi kí Bàbá Mardiyah, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Kí Ìyá ọkọ rẹ náà, sọ fún wọn pé àdúrà tí wọ́n gbà fún mi lórí iṣẹ́ ti gbà, mo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá sì ṣì ní Bàbá ò ríran mọ́, sọ fún wọn pé Bàbá rí ìjì náà kedere, bí àwọn yòókù ṣe rí i. Èmi ni wọ́n gbà gbọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní dákẹ́,

Wúràọlá